Ètò Kékeré Inú Ẹ̀rọ Mac àti Kíkọ Orúkọ Ìletò Agbègbè Ìbàdàn Sílẹ̀



Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn baba wa tí wọ́n ṣí oko káàkiri ibi tí a ń pè ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà lónìí wo odò, wọ́n wo igi, wọ́n wo ẹni tí ó kọ́kọ́ fi àdá kan igbó, kí wọ́n tó sọ ìletò wọn lórúkọ. Nítorí náà ni orúkọ ìletò fi jẹ́ ẹ̀rí fún òpìtàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí a kọ ní ààbọ̀ kò ṣeé gbé lọ síwájú adájọ́. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn lónìí ni pé kì í ṣe ìmọ̀ òǹkọ̀wé nìkan ni ó ń mú kí orúkọ pé. Irinṣẹ́ tí ó fi ń kọ̀wé ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà Mac ni irinṣẹ́ tí èmi ń lò. N ó sọ bí irinṣẹ́ ìkọ̀wé ṣe dé ọwọ́ wa láti ìgbà Crowther títí di òní, n ó sì tọ́ka sí àwọn ètò kékeré mélòó kan tí ó mú kí Mac lè kọ èdè wa bí ó ti yẹ.

I. Ohun tí ó wà nínú orúkọ

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú oko. Bí a bá kọ o-k-o láìfi àmì kankan sí i, ó lè jẹ́ oko tí a ń ro, ó lè jẹ́ ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè, ó lè jẹ́ ọkọ̀ tí ó ń kó iṣu lọ sí Ìbàdàn, ó sì lè jẹ́ ọkọ tí ó fẹ́ ìyàwó. Bí a bá kọ a-b-a, ó lè jẹ́ abà tí àgbẹ̀ ń sùn sí, ó sì lè jẹ́ àbá tí à ń dá. Nínú gbólóhùn, ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú àti èyí tí ó tẹ̀lé e a máa ran òǹkàwé lọ́wọ́. Orúkọ ibìkan kò ní irú olùrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Lórí àwòrán ilẹ̀, lórí pátákó ẹ̀bá ọ̀nà, àti nínú ìwé ilẹ̀, òun nìkan ni ó máa ń dá dúró.

Ẹ wo Ona Ara, bí a ti ń kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba. Ọdún 1989 ni a dá ìjọba ìbílẹ̀ yìí àti ti Ẹ̀gbẹ́dá sílẹ̀. Ti Akínyẹlé ti wà láti 1976. Àlejò tí kò gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu ará ibẹ̀ rí yóò máa bi ara rẹ̀ léèrè: ṣé ọ̀nà tí à ń tọ̀ ni, tàbí ọnà tí à ń fín sára igi? Ṣé àrà tí à ń dá ni, tàbí ara ènìyàn, tàbí ará ilé? Ní Lágelú ẹ̀wẹ̀, Iyana Offa ni a ń rí, pẹ̀lú f méjì, bí ẹni pé èdè wa ní irú f bẹ́ẹ̀. Ìyànà Ọ̀fà ni ará ibẹ̀ ń pè é.

Àpẹẹrẹ kan wà tí ó wúwo ju ìwọ̀nyí lọ. Ní 1968 àti 1969, àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn dìde láti tako owó orí tí ó ga jù fún wọn. Àkànràn, tí ó wà ní Ọ̀nà-Àrà òní, jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ibùdó wọn, Tàfá Adéoyè sì jẹ́ aṣáájú tí òkìkí rẹ̀ kàn jù. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí Ayọ̀ọlá kalẹ̀ lórí rògbòdìyàn náà, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní 1969. Àgbẹ́kọ̀yà ni orúkọ tí a mọ̀ wọ́n sí: àgbẹ̀ tí kò gba ìyà. Gbólóhùn odindi ni orúkọ náà. Bí a bá kọ ọ́ ní Agbekoya, ọmọdé tí kò bá wọn gbé ìgbà náà lè kà á bí agbe, ẹyẹ aláró, tàbí agbè tí a fi ń gbé ẹmu. Ẹ̀hónú tí àwọn àgbẹ̀ fi sọ ara wọn lórúkọ kò sí níbẹ̀ mọ́.

II. Láti ìwé Crowther dé ẹ̀rọ táípù

Kò sí ọ̀kan nínú àwọn irinṣẹ́ tí a fi kọ Yorùbá tí a tìtorí Yorùbá ṣe ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843. Henry Townsend dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859. Ní 1875, àwọn ọmọ ìjọ C.M.S. ṣe ìpàdé ní Èkó láti fi ẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè náà. Lẹ́tà olójú irin ni àwọn òǹtẹ̀wé ìgbà náà ń tò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti rí lẹ́tà tí ó ní àmì nísàlẹ̀ rà, wọ́n lè tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyí tí I. B. Akínyẹlé, ẹni tí ó jẹ Olúbàdàn láti 1955 títí di 1964, fi lè tẹ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn jáde ní 1911 ní èdè Yorùbá, tí ará Ìbàdàn sì lè ka ìtàn ara rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀rọ táípù wọ ọ́fíìsì, nǹkan yí padà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ṣe púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí fún. Akọ̀wé tí ó bá ní sùúrù a tẹ ìwé tán, a mú bírò, a sì máa to àmì sí i láti òkè dé ilẹ̀. Èyí tí kò bá ní sùúrù a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó pẹ́, a gbàgbé pé àìní bọ́tìnnì ni ó fà á. A wá ń wò ó bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni Yorùbá ṣe rí.

Àwọn onímọ̀ èdè kò káwọ́ gbera. Ayọ̀ Bámgbóṣé tẹ ìwé rẹ̀ lórí àkọtọ́ Yorùbá jáde ní 1965, ìgbìmọ̀ àkọtọ́ jókòó ní 1966, ìjọba sì fi ọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní 1974. Láti ìgbà náà ni a ti sọ fún ọmọ ilé-ìwé pé kí ó kọ ayé, kí ó má kọ aiye. Kí ó kọ Òṣogbo, kí ó má kọ Oshogbo. Òfin àkọtọ́ ti wà, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì tí a ó fi pa òfin náà mọ́ kò sí lórí ẹ̀rọ.

III. Bí Mac ṣe dé

Ní oṣù kìíní ọdún 1984 ni ilé-iṣẹ́ Apple gbé Macintosh àkọ́kọ́ jáde. Ó ní fọ́ǹtì oríṣiríṣi, ó sì lè ya lẹ́tà bí a bá ṣe fẹ́, nítorí náà ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ èdè káàkiri ayé fi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà fi ń pa lẹ́tà mọ́ sínú, iye nọ́ńbà tí ó wà fún lẹ́tà nígbà náà kò sì tó nǹkan. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ẹ tàbí ṣ a gba nọ́ńbà lẹ́tà mìíràn, a sì ya ẹ tàbí ṣ sí ipò rẹ̀ nínú fọ́ǹtì tirẹ̀. Bí ìwé náà bá dé orí ẹ̀rọ tí kò ní fọ́ǹtì yẹn, lẹ́tà onílé a jáde, ọ̀rọ̀ a sì dàrú.

Unicode ni ó tú ìdí yìí. Ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1991, èrò tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ni pé kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ayé ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Láti 1993 ni ẹ, ọ àti ṣ ti ní nọ́ńbà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, kì í ṣe orúkọ tiwa ni a fi ra ilẹ̀ náà: ẹ àti ọ wà níbẹ̀ nítorí èdè Vietnam, ṣ sì wà níbẹ̀ nítorí àwọn tí ń fi lẹ́tà Róòmù kọ àwọn èdè ilẹ̀ Íńdíà. Bí a bá wá fẹ́ gbé àmì ohùn lé ẹ tàbí ọ, kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún un. A ní láti kọ ẹ, kí a sì fi àmì ohùn lé e gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà kejì. Òfin yìí rọrùn láti sọ. Kíbọ́ọ̀dù tí ó lè ṣe é ni ìṣòro. Ní 2011, Apple mú ọ̀nà kan dé, pé bí ènìyàn bá tẹ e mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, oríṣiríṣi e yóò fi ara hàn. E tí ó ní ìrù, tí àwọn ará Poland ń lò, wà níbẹ̀ nígbà náà. Ẹ tiwa kò sí. Ẹlòmíràn rí i pé ó jọ ọ́, ó sì mú un lò. Ojú lè gbà á. Kọ̀ǹpútà tí a bá ní kí ó wá ẹ kò ní rí i láéláé.

IV. Àwọn ètò tí mo yàn láàyò

Èyí àkọ́kọ́ ti wà nínú Mac fúnra rẹ̀, a kò ní rà á. ABC Extended ni orúkọ rẹ̀, U.S. Extended ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Nínú ètò kíbọ́ọ̀dù, lábẹ́ Input Sources, ni a ti lè mú un jáde. Bí a bá tẹ Option pẹ̀lú X, tí a sì tẹ e tẹ̀ lé e, ẹ ni yóò jáde. Option pẹ̀lú E ni ti àmì òkè, Option pẹ̀lú àmì ìsàlẹ̀ tí ó wà ní igun òsì ni ti ohùn ìsàlẹ̀. Bí a bá fi Shift kún un, àmì yóò gun orí lẹ́tà tí a ti tẹ tẹ́lẹ̀.

Èkejì ni Ukelele, tí àwọn SIL ń pín lọ́fẹ̀ẹ́. Òun ni ènìyàn fi ń ṣe kíbọ́ọ̀dù tirẹ̀ fún Mac. Kò sí q, x, tàbí z nínú àkọtọ́ wa. Pẹ̀lú Ukelele, a lè sọ àwọn bọ́tìnnì aláìníṣẹ́ wọ̀nyí di ẹ, ọ àti ṣ.

Ẹ̀kẹta ni Keyman. Nítorí èdè Lao ni a ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1993, SIL gbà á ní 2015, ó sì ti di ọ̀fẹ́. Mo mẹ́nu kàn án nítorí pé ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows náà, kí ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká Mac má baà rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn án. Nílé náà, a kò sùn. YorubaName, ìwé orúkọ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Kọ́lá Túbọ̀sún ṣe aṣáájú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní 2015, àwọn kan náà sì pín kíbọ́ọ̀dù Yorùbá fún Mac àti Windows lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Ìbàdàn níhìn-ín, Túndé Adégbọlá àti àwọn African Languages Technology Initiative ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe gbọ́ èdè wa.

Ẹ̀kẹrin ni pípààrọ̀ ọ̀rọ̀, tí ó ti wà nínú Mac láti 2009. Mo ti kọ́ ẹ̀rọ mi pé bí mo bá tẹ iynf, Ìyànà Ọ̀fà ni kí ó kọ. Orúkọ tí a ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò tún ní yẹ̀ mọ́.

Ẹ̀karùn-ún ni UnicodeChecker, tí ń fi nọ́ńbà tí ó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà hàn. Ẹ́ kan lè jẹ́ ẹ àti àmì òkè, ó sì lè jẹ́ é àti àmì ìsàlẹ̀. Ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni méjì bá fi ọ̀nà méjì kọ orúkọ ìletò kan náà, ẹ̀rọ lè kà á sí ìletò méjì. Ẹni tí ń kó orúkọ jọ gbọ́dọ̀ mú ọ̀nà kan ṣoṣo.

V. Àtakò méjì

Àwọn kan yóò sọ pé ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá kò nílò àmì. Bẹ́ẹ̀ ni, bí ó bá mọ ibi tí à ń sọ. Ṣùgbọ́n ìletò oko agbègbè Ìbàdàn kì í ṣe ibi tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ni ín ní ilé ní ìgboro. Láti agboolé ni wọ́n ti ń lọ sí oko, tí wọ́n sì ń padà wálé fún ọdún àti òkú. Ìgboro ti ń wọ inú oko náà báyìí, a ń sọ abà di àdúgbò, ọmọ tí a bí sí ìgboro kò sì gbọ́ orúkọ abà baba bàbá rẹ̀ lẹ́nu ẹni tí ó mọ̀ ọ́n pè.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé ẹ̀rọ lè fi àmì sí i fún wa lẹ́yìnwá. Lóòótọ́ ni àwọn onímọ̀ ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà láti dá àmì padà sórí ọ̀rọ̀. Láti inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé tí ó ti ní àmì ni ẹ̀rọ náà ti ń kọ́ ọ. Orúkọ abà tí ilé mẹ́fà wà nínú rẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan. Ẹnu àgbàlagbà kan tàbí méjì ni ó kù sí. Àmì tí a kò bá fi sí i níwájú wọn, kò sí ẹ̀rọ tí yóò lọ bi wọ́n léèrè ní ọ̀run.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ni pé kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ yín lọ sí Mọ́níyà tàbí Àkànràn, kí kíbọ́ọ̀dù Yorùbá ti wà lórí rẹ̀. Ẹ tẹ orúkọ náà níbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀. Ẹ kà á sókè bí ẹ ti kọ ọ́, kí àgbà tí ó sọ ọ́ gbọ́, kí ó sì sọ bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìgbà tí ó bá ti gbà á ni kí ẹ tó pa ẹ̀rọ dé.