Òkúta Àdéhùn Puteoli

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ń fún àdéhùn ilé kíkọ́ lágbára, kó wo ìlú kan ní etí òkun ilẹ̀ Ítálì, Puteoli, tí wọ́n ń pè ní Pozzuoli lónìí. Ní ọdún 105 kí wọ́n tó bí Jésù, àwọn aláṣẹ ìlú náà gbé iṣẹ́ kékeré kan síta. Ògiri kan wà lẹ́bàá ọ̀nà, níwájú tẹ́ńpìlì òrìṣà Serapis. Wọ́n fẹ́ dá ẹnu ọ̀nà sí i lára. Àdéhùn iṣẹ́ yìí kò sọnù. Ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta mábù ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Naples, ó sì wà lára àdéhùn ilé kíkọ́ tó kún rẹ́rẹ́ jù lọ tí ayé àtijọ́ fi sílẹ̀ fún wa. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé ìbẹ̀rù ìyà kọ́ ló ń mú kí ilé dúró. Àlàyé iṣẹ́ tí ojú lè rí, tí okùn lè wọ̀n, òun ni.

Àwọn tó gbà pé ìyà ló ń tún iṣẹ́ ṣe ní ẹ̀rí tiwọn. Ní nǹkan bí ọdún 1750 kí wọ́n tó bí Jésù, ọba Hammurabi ti Bábílónì ṣòfin pé bí ilé tí ọ̀mọ̀lé kọ́ bá wó pa onílé, kí wọ́n pa ọ̀mọ̀lé náà. Bó bá jẹ́ ọmọ onílé ló kú, ọmọ ọ̀mọ̀lé ni wọn yóò pa. Òfin yìí le koko, ó sì wuni létí nígbà tí ilé bá wó ládùúgbò tí ọkàn gbogbo ènìyàn gbóná. Ṣùgbọ́n ibo ni òfin náà ti sọ bí ògiri ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó? Kò sọ ọ́ níbì kankan. Kò sọ ohun tí wọn yóò pò mọ́ amọ̀, kò sì sọ ẹni tí yóò yẹ iṣẹ́ wò kí onílé tó kó wọlé. Ìgbà tí òkú bá ti sùn ni òfin yìí ń jí. Wọ́n lè ní ẹ̀rù yóò mú kí ọ̀mọ̀lé ṣọ́ra. Òótọ́ ni, fún ẹni tó mọ iṣẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ńkọ́? Ẹ̀rù kò lè kọ́ ọ ní ìwọ̀n. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tó fẹ́ jí owó jẹ, ohun tó ń rò ni pé ilé náà yóò dúró títí òun yóò fi kúrò níbẹ̀.

Ìwọ̀n ni òkúta Puteoli gbájú mọ́ ní tirẹ̀. Kí ẹnu ọ̀nà fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 6, kó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 7. Kí òpó méjì yọ jáde lára ògiri sí ìhà òkun, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 2. Igi óákù ni kí wọ́n fi ṣe àtẹ́rígbà, kí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8. Kí wọ́n fi ọ̀dà kun ilẹ̀kùn, kí wọ́n sì ṣe é bí wọ́n ṣe ṣe èyí tó wà ní tẹ́ńpìlì Honos; ẹni tí àlàyé ẹnu kò bá yé, kó rìn débẹ̀ lọ wò ó. Ẹ wá wo ti àpòpọ̀, nítorí ibẹ̀ ni olè sábà máa ń wà. Erùpẹ̀ agbègbè Puteoli wá láti inú òkè ayọnáyèéfín. Bí wọ́n bá pò ó mọ́ ẹfun òkúta tí wọ́n ti sun nínú iná tí wọ́n sì ti fi omi pa, ó máa ń le kódà lábẹ́ omi. Ẹfun ló wọ́n owó, erùpẹ̀ pọ̀ nílẹ̀. Nítorí náà àdéhùn sọ ọ́ gbangba: ìdá kan nínú mẹ́rin ni kí ẹfun jẹ́. Ó tún ní kí òkúta kankan tí wọn yóò tò sínú ògiri má ṣe wúwo ju pọ́n-ùn 15 ti àwọn ará Róòmù lọ, nǹkan bíi kílò 5, ní gbígbẹ. “Ní gbígbẹ” yìí wú mi lórí púpọ̀. Òkúta tó mu omi máa ń wúwo sí i, ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ náà sì ti rí àríyànjiyàn ọjọ́ iwájú, ó dí ọ̀nà rẹ̀ pa.

Ẹnì kan lè sọ pé òkúta kan náà ń lo ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé wọ̀n: ó sọ níbì kan pé kí agbaṣẹ́ṣe ṣe rírẹ́ àti kíkùn ògiri “bó ṣe tọ́”. Kí ló fi yàtọ̀ sí onílé wa tó ń sọ fún bíríkìlà pé “ṣe é dáadáa fún mi”? Ó yàtọ̀, nítorí pé àdéhùn náà sọ ẹni tí yóò mọ ohun tó tọ́. Àwọn aláṣẹ méjì àti àwọn tó ti wà ní ipò wọn rí ni yóò jókòó lé iṣẹ́ náà lórí, wọn kò sì gbọ́dọ̀ dín ní 20. Èyí tí ogún ènìyàn bá búra pé ó dára ni ó dára. Èyí tí wọ́n bá kọ̀, ó di kíkọ̀. Owó sì ń tẹ̀ lé ìdájọ́ yẹn. Ìdajì ni wọn yóò san nígbà tí agbaṣẹ́ṣe bá ti fi ilẹ̀ dógò tó tẹ́ wọn lọ́rùn, ìdajì tó kù di ìgbà tí iṣẹ́ bá parí tí wọ́n sì fọwọ́ sí i. Mo gbà pé ilẹ̀ dídógò náà jẹ́ ìyà tó ń dúró de ọ̀dàlẹ̀. Àmọ́ bí kò bá sí ìwọ̀n, kí ni àwọn ogún ènìyàn náà yóò gbé lé ọwọ́ kí wọ́n tó lè sọ pé ó dàlẹ̀?

Àtakò tó sún mọ́ wa jù ni pé àwọn baba ńlá wa kò kọ nǹkan kan sílẹ̀, ilé wọn sì dúró. Ilé amọ̀ wọn kò ṣàìní ìlànà. Ìpele ni wọ́n ń mọ ọ́n, ìpele ìsàlẹ̀ yóò gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e, gbogbo àdúgbò ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, títí kan ọmọdé tó ń pọn omi amọ̀. Ojú gbogbo ènìyàn ni ìwé wọn. Ohun tó wà nínú bílọ́ọ̀kù lónìí kò hàn sí ojú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n ń la kòtò ìdọ̀tí ńlá sábẹ́ ìlú London lẹ́yìn ọdún 1858, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ibẹ̀ kò gba sìmẹ́ńtì lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á láìjẹ́ pé wọ́n wọ̀n ọ́n, tí wọ́n sì fà á títí ó fi já láti mọ agbára rẹ̀. Ọgbọ́n Puteoli náà nìyẹn.

Ní ìsàlẹ̀ òkúta náà ni wọ́n kọ iye owó iṣẹ́ sí, 1,500 sẹ́sításì, àti orúkọ agbaṣẹ́ṣe, Gaius Blossius. Orúkọ onídùúró mẹ́rin tẹ̀ lé tirẹ̀. Blossius fúnra rẹ̀ sì ni onídùúró àkọ́kọ́.