Ilé Ọdún: Ẹrù Tí Àwọn Òṣómàáló Fi Sílẹ̀ Fún Wa

Ẹ bá wa rìn ní Iléṣà nígbà òjò, ẹ ó rí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó dúró dáadáa, àmọ́ tí àgádágodo wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tí koríko sì ti gba ẹ̀yìnkùlé. Ẹ padà wá nígbà Kérésìmesì tàbí Ìwúde: fèrèsé ti ṣí, ọkọ̀ kún iwájú ilé, ọbẹ̀ ń hó. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àgádágodo ti padà sẹ́nu ọ̀nà. Ilé ọdún la ó máa pè é nínú àròkọ yìí. Ta ló kọ́ ọ? Ta ló ń náwó lé e lórí?

Aṣọ títà ló kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn ogun Kírìjì (1877–1893), ọ̀nà là. Nígbà tí rélùwéè dé Òṣogbo ní 1907, ọjà òkèèrè sún mọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà ń ra aṣọ, wọ́n ń kiri rẹ̀ láti ìlú dé ìlú, wọ́n sì ń tà á láwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, wọn a lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè: òṣó ni àwọn máa ló títí owó yóò fi jáde. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè wọ́n ní Òṣómàáló.

Lẹ́yìn odi, yàrá háyà tó wọn. Ilé gidi di Iléṣà, nítorí àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹni tí kò bá ní òrùlé nílé, níbo ni yóò ti gba àna lálejò? Níbo ni wọn yóò tẹ́ òkú rẹ̀ sí?

Lọ́pọ̀ ìgbà, ilẹ̀ ẹbí ni wọ́n kọ́lé sí, nítorí náà ilẹ̀ kọ́ ni ìṣòro. Ìnáwó tí kì í tán wà lẹ́yìn kíkọ́. Ilé tí ènìyàn kò gbé kì í pẹ́ bàjẹ́: ikán a jẹ igi àjà, páánù a dípẹtà, òjò a máa jò sórí bẹ́ẹ̀dì. Onílé a wá fi ìbátan kan síbẹ̀ láti máa ṣọ́ ọ. Ìyẹn kì í san owó ilé, ṣùgbọ́n òun ló máa ń pè pé owó iná ti wọlé, pé kànga ti gbẹ, pé páánù mẹ́rin ti ṣí. Bí onílé bá sì wálé ọdún, gbogbo agboolé ló gbọ́, gbogbo wọn ló sì ń retí ọwọ́ rẹ̀.

Ṣé òfò wá ni? Kì í ṣe òfò. Kì í ṣe Ìjẹ̀ṣà nìkan ló ń kọ́lé sílé láti ìdálẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti jáde. Àwọn ọmọ Èjìgbò, Ìnísà àti Ògbómọ̀ṣọ́ wà lára àwọn tó kó ẹrù wálé. Ẹni tó ti kọ́lé mọ ibi tí yóò sọ ẹrù kalẹ̀ sí. Ẹni tí kò kọ́, ó di kó lọ há mọ́ yàrá ẹlòmíràn.

Ní Ìlú Ọba, àwọn kan máa ń ra ilé onítáyà tí kì í rìn mọ́ sí etí òkun fún ìsinmi. Wọ́n ń san owó ilẹ̀ lọ́dọọdún, bó bá sì sú wọn, wọ́n lè tà á. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Sàréè bàbá lè wà nínú rẹ̀. Gbogbo ọmọ ló ni ín. Ẹnì kan kò lè dá a tà. Ọ̀kan wà ní Èkó, ọ̀kan ní Àbújá, méjì ní Kánádà. Kálukú ń dúró de ẹnì kejì, òjò kò sì dúró de ẹnikẹ́ni.

Àwa la máa jogún àwọn ilé wọ̀nyí. Nítorí náà, nígbà ìpàdé ẹbí lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ ká dá iye tí kálukú yóò máa san, ká sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi yàrá ìsàlẹ̀ háyà: Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ tó wà ní Iléṣà ti di yunifásítì, akẹ́kọ̀ọ́ sì nílò ibùgbé. Ká sì máa bi ẹni tó ń ṣọ́lé léèrè ohun tó ń jò, ká tó bi í pé kọ́kọ́rọ́ dà. Àwọn tó kọ́ ọ lóṣòó kí wọ́n tó rí owó rẹ̀. Kò yẹ kó wó mọ́ àwa lọ́wọ́ nítorí owó páánù.