Àìsàn Ọ̀pá Páàdì

Páàdì géèmù tó ń rìn fúnra rẹ̀, tí agbábọ́ọ̀lù ń sá lọ sápá òsì láìjẹ́ pé ọwọ́ kan ọ̀pá rẹ̀, kì í wọ àkìtàn ní Ẹgbẹ́dá. Àìsàn yẹn ní ìtàn. Ọ̀pá Atari ti ọdún 1977 kò díjú: súwíìṣì mẹ́rin ló ń tẹ̀. Ní 1997 ni Sony gbé DualShock ọlọ́pàá méjì jáde (kì í ṣe ọlọ́pàá tó ń múni o!). Nínú rẹ̀, irin tín-ín-rín ń ha ilà èédú. Ibi tí a bá ń tì jù ló ń họ. Àwọn tó ń tún un ṣe á tú ọ̀pá lára páàdì tó ti kú, wọ́n á fi lẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ èyí tó kù. Sony ti dẹ́kun ṣíṣe PlayStation 2 láti ìbẹ̀rẹ̀ 2013. Lójú tèmi, ọwọ́ wọn ló fi ń pawó wọlé títí dòní ní àdúgbò wa.