Ta Ni Elébùúté Ọ̀sà Èkó?

"Ọkọ̀ kì í re òkun, kó re ọ̀sà, kó má forí fún elébùúté." Bí àgbà bá pa òwe yìí fún ọmọ tó ń ṣe bí ẹni tí kò lólórí, ohun tó ń sọ ni pé kò sí ibi tí èèyàn lè rìn dé tí kò ní padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Àlàyé náà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n òwe yìí fi ọkàn tán ohun kan: pé èbúté yóò ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá dé. Ní agbègbè Kòsọ́fẹ́ l'Ékòó, èbúté gan-an ló ń lọ.

Ẹ wo Àgbóyí, nítòsí ibi tí odò Ògùn ti ń wọ ọ̀sà. Títí dòní, ọkọ̀ ojú omi lèrò ń wọ̀ láti Kétu débẹ̀. Àwọ̀n, ìwọ̀ àti ìgèrè ni wọ́n jogún. Ẹpìyà, òbòkún àti àrọ̀ ni wọ́n fi ń tọ́mọ. Láyé àtijọ́, ara ìtì igi kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń gbẹ́ ọkọ̀ apẹja. Agbẹ́kọ̀ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò ti fẹ́lẹ́ àti ibi tí yóò ti nípọn, torí ọkọ̀ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan bá wúwo ju èkejì lọ yóò da apẹja sómi. Igi ńlá wá wọ́n, pákó tí a kàn mọ́ra gbapò rẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì gbaṣẹ́ lọ́wọ́ àjẹ̀. N kò ka ìyẹn sí òfò. Apẹja tí ẹ́ńjìnnì gbé débi ẹja ṣì ń ṣiṣẹ́ baba rẹ̀.

Inú omi ni òfò wà. Láti nǹkan bí 1984 ni koríko olódòdó tó ń léfòó ti gba ọ̀nà orílẹ̀-èdè Benin wọ ojú omi wa, tó ń dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ lásìkò òjò. Èyí tó burú jù ni yanrìn fífà. Ẹ̀rọ á tú ìsàlẹ̀ ọ̀sà níbi tí ẹja ti ń yé, omi á dàrú, àwọ̀n á ya. Wọ́n á wá da yanrìn náà sétí omi kó lè di ilẹ̀ títà. Ọ̀wọ́rọ̀ńṣòkí, abúlé apẹja nígbà kan, ti di ìgboro lẹ́sẹ̀ afárá Third Mainland tí wọ́n parí ní 1990. Dípò ẹja ọ̀sà, títúsì àti kọ̀tẹ́ inú yìnyín, tó ti òkè òkun wá, ló kún àtẹ ní Kétu.

Ta wá ni elébùúté? Ìjọba Èkó àti ìjọba àpapọ̀ fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra wọn lọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, lórí ẹni tó yẹ kó máa fúnni níwèé àṣẹ lórí omi, kó sì máa gbowó rẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ìjọba àpapọ̀ láre ní oṣù kìíní 2024. Àwọn afayanrìn wà lára àwọn tó pe ẹjọ́ náà. Apẹja ò sí níbẹ̀. Nígbà tí àṣẹ ti wá wà lọ́wọ́ ẹnì kan báyìí, kí ẹni náà fi ààlà sí ibi tí ẹja ń yé, kí ẹ̀rọ yanrìn má sì kọjá ibẹ̀. Kó ya etí omi sọ́tọ̀ fún apẹja ní Àgbóyí àti Ọ̀wọ́rọ̀ńṣòkí, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé òfin, kí onílẹ̀ kankan má lè tà á.