Ilé Òkùnkùn Arlington

Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ girama ní bàọ́lọ́jì. Lọ́dọọdún, a máa ń gbin ẹ̀wà sínú agolo mílíìkì méjì: a ó gbé ọ̀kan sójú fèrèsé, a ó fi páálí bo èkejì. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ti inú páálí á ti ga tẹ́ẹ́rẹ́, ewé rẹ̀ á pupa rúsúrúsú. Àwọn ọmọ á kọ ọ́ pé àìsí ìmọ́lẹ̀ ló fà á, èmi náà á sì fún wọn ní máàkì kíkún. Ìtàn tábà kan ló jẹ́ kí n tún inú rò.

Ní ìpínlẹ̀ Maryland, l'Ámẹ́ríkà, tábà kan hù tó kọ̀ láti yọ òdòdó lóko. Á ga, á máa pa ewé ṣáá, títí òtútù á fi dé pa á láìso. Ewé rẹ̀ wu àgbẹ̀, ṣùgbọ́n níbo ni wọn yóò ti rí irúgbìn? W. W. Garner àti H. A. Allard, òṣìṣẹ́ ìjọba nídìí iṣẹ́ àgbẹ̀, rí i pé nínú ilé gíláàsì, nígbà òtútù, ó ń yọ òdòdó. Wọ́n yẹ ooru wò, wọ́n yẹ omi àti ajílẹ̀ wò. Kò sí èyí tó jẹ́ ìdí rẹ̀. Ó wá ku gígùn ọ̀sán, nítorí ọ̀sán ilẹ̀ wọn máa ń kúrú nígbà òtútù.

Ní oṣù Keje 1918, ní oko ìwádìí Arlington ní Virginia, wọ́n kan ilé kékeré kan tí atẹ́gùn ń wọ̀ ṣùgbọ́n tí ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ̀. Ẹ kíyè sí atẹ́gùn yẹn. Páálí tèmi kò ní in. Láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n á gbé tábà àti ẹ̀wà sóyà wọlé tìkòkò-tìkòkò. Ó di aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ kí wọ́n tó gbé wọn jáde sáàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, lábẹ́ oòrùn kan náà. Àwọn tó ń wọlé yọ òdòdó. Tábà tó wà níta ń pa ewé lọ. Wọ́n tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1920.

Síbẹ̀, ohun méjì ni wọ́n yí padà pọ̀: bí ọ̀sán ṣe ń kúrú ni òru ń gùn. Ní 1938 ni Karl Hamner àti James Bonner ya méjèèjì sọ́tọ̀, pẹ̀lú ewéko kan tí èso rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ aṣọ bí èèmọ́. Wọ́n tan iná sí i díẹ̀ láàárín òru gígùn, kò yọ òdòdó mọ́. Òru ni ewéko náà ń kà.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ṣì ń lo páálí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún agolo ojú fèrèsé náà ní páálí tirẹ̀. Ẹ gé ojú rẹ̀, kí ẹ fi ọ̀rá tó ń fi inú hàn bò ó, kó lè jẹ́ ìmọ́lẹ̀ nìkan ni yóò yàtọ̀.