Òkìtì Títa: Ìṣubú La Kọ́kọ́ Ń Kọ́

Òkúta pọ̀ ní Àkókó. Ẹni tó bá ti Ìkàrẹ́ lọ sí Ọ̀kà rí á mọ̀: òkè lọ́tùn-ún, òkè lósì. Ní Ìkàrẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá ń kọ́lé ládùúgbò wa, tí típà bá ti da yanrìn sílẹ̀, àwa ọmọdé ti débẹ̀ nìyẹn. Orí òkìtì yanrìn la ti ń ta òkìtì.

Lọ́jọ́ kan, mo lọ kí ìyá mi àgbà ní Ọ̀kà, mo sì fẹ́ ṣe fọ́rífọ́rí fún àwọn ọmọ ibẹ̀. Orí àpáta ni mo ti ta tèmi. Àtàrí mi ló kọ́kọ́ kanlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mi ò fi lè yí ọrùn. Màmá kò nà mí. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé, "Ta ló ní kí o máa fò nígbà tí o ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣubú?"

Ìtàn wà nínú ìbéèrè yẹn. Ní oṣù Èrèlé ọdún 1826, òyìnbó Skọ́tíláńdì kan, Hugh Clapperton, wà ní Ọ̀yọ́-Ilé. Àwọn eléré ṣeré fún un níwájú Aláàfin. Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1829, ó kọ ọ́ pé inú àpò ni wọ́n wà tí wọ́n ń jó, tí wọ́n sì ń ta òkìtì. Àwọn onímọ̀ eré ìtàgé gbà pé Alárìnjó ni wọ́n, egúngún onídán tó ń ti ìlú dé ìlú.

Ẹ rò ó wò ná. Ẹni tó wà nínú àpò kò rí ilẹ̀ dáadáa, kò sì lè na ọwọ́ bó ṣe wù ú. Kó tó lè ta òkìtì níbẹ̀, á ti ta á láìmọye ìgbà níta. Àmọ́ eré ni Clapperton rí, kò rí ìgbà tí wọ́n ń kọ́ ọ. Bí fídíò orí fóònù wa náà ṣe rí lónìí nìyẹn: èyí tó dára nìkan ni wọ́n ń gbé síta.

Àwọn ará Japan kò fi apá yẹn pamọ́. Láti ìgbà tí Jigoro Kano ti dá júdò sílẹ̀ ní 1882 ni ìṣubú ti wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ ẹni tuntun.

Tí o bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, wá yanrìn, koríko tútù tàbí fóòmù. Má ṣe é lórí sìmẹ́ńtì. Kọ́kọ́ jókòó, ká orúnkún mọ́ra, kí o máa yí sẹ́yìn, kí o máa yí padà, kí ẹ̀yìn rẹ rí roboto. Nígbà tí ìyẹn bá mọ́ ọ lára, lósòó, fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kanlẹ̀, fi àgbọ̀n kan àyà, gbé ìdí sókè, kí o sì yí síwájú. Ọwọ́ ni yóò gbé ara, ẹ̀yìn èjìká ni yóò sì kọ́kọ́ kanlẹ̀. Kì í ṣe àtàrí o! Egungun méje péré ló wà lọ́rùn, okùn tí ọpọlọ fi ń bá ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sọ̀rọ̀ sì gba àárín wọn kọjá. Tí ẹnì kan bá ṣubú, tí ọrùn ń dùn ún tàbí tí ọwọ́ rẹ̀ kú tipiri, ẹ má gbé e dìde. Ẹ má jẹ́ kó mi orí, kí ẹ wá oníṣègùn.

Lẹ́nu iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí mò ń ṣe, a kì í gbé ohun tuntun síta láì kọ́kọ́ bà á jẹ́ wò níbi tí kò ti ní pa ẹnikẹ́ni lára. Yanrìn Ìkàrẹ́ ni ibẹ̀ fún wa nígbà yẹn. Èmi ni mo sáré lọ sórí àpáta. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.