Àwọn Ará Wa ní Ilẹ̀ Gáná àti Ọjọ́ Mẹ́rìnlá ti Ọdún 1969

Bí ènìyàn bá rìn yí ká àwọn ìlú bí Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹ̀jìgbò, Ìnísà, Ọ̀ffà àti Ṣakí, yóò bá àwọn àgbàlagbà pàdé tí wọ́n gbọ́ èdè Tíwì ju èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ, yóò sì rí ilé tí a fi owó Gáná kọ́. Ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń múra àtilọ ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ òkèèrè lónìí mọ ìtàn àwọn tí wọ́n kọ́ wọn rìn, nítorí pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Àwọn baba wa kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ọ̀nà náà. Kí òyìnbó tó gba ilẹ̀ ni àwọn oníṣòwò ti ń bá àwọn Hausa rìn lọ sí Salaga ní ilẹ̀ Gonja, níbi tí ọjà obì ńlá wà. Láti ara orúkọ Gonja yìí ni a ti rí orúkọ obì gbànja tí à ń jẹ títí di òní. Láàrin ọdún 1874 sí 1886 pàápàá, abẹ́ ìjọba Gold Coast ni àwọn òyìnbó fi Èkó sí. Nígbà tí kòkó bẹ̀rẹ̀ sí mú owó wọ ilẹ̀ Asante, tí rélùwéè sì dé Kumasi ní ọdún 1903, ọjà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ẹsẹ̀ ni àwọn àkọ́kọ́ fi rìn gba ilẹ̀ Dahomey àti Togo kọjá; lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ẹrù dé.

Ìṣòwò wọn kò ní ariwo nínú. Wọ́n a máa ru wọ́ṣíwọ́ṣí, bí abẹ́rẹ́, òwú, ìlẹ̀kẹ̀, dígí, ìṣáná àti aṣọ, lọ sí àwọn abúlé tí ilé ìtajà àwọn òyìnbó kò dé. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ́nu a ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n fi àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ṣọwọ́. Ọmọ náà yóò kiri ọjà fún ọdún díẹ̀. Nígbà tí ó bá yá, ọ̀gá rẹ̀ yóò fún un ní owó tí yóò fi dá ìṣòwò tirẹ̀ sílẹ̀. Èsúsú ni báńkì wọn. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni ó ń parí ìjà wọn, òun ni ó ń sin òkú wọn, òun náà ni ó sì ń kó owó jọ fún iṣẹ́ ìlú nílé.

Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, a di ọṣẹ. Alata ni àwọn ará Gáná ń pe àwọn ènìyàn wa, alata samina ni wọ́n sì ń pe ọṣẹ dúdú, èyíinì ni ọṣẹ àwọn Alata. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni a bí síbẹ̀ tí ojú wọn kò rí ilẹ̀ baba wọn rí. Kò sì sí ẹni tí ó ń bèèrè ìwé lọ́wọ́ wọn, nítorí pé abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni ilẹ̀ méjèèjì wà, owó kan náà ni wọ́n sì ń ná láti ọdún 1912 wá. Ṣùgbọ́n Gáná gba òmìnira ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1957. Ó ṣe owó tirẹ̀ ní ọdún 1958, Nàìjíríà sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 1959. Báyìí ni àwọn tí kò kúrò lójú kan di àlejò níbi tí wọ́n jókòó sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò kíyè sí i. Wọn kò gba ìwé ìrìnnà, wọn kò sì gba ìwé àṣẹ ìgbélùú.

Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1969, gbèsè ti wọ ìjọba Gáná lọ́rùn, iṣẹ́ sì ti wọ́n fún àwọn ọmọ onílẹ̀. Nígbà tí nǹkan bá le, ọrùn àlejò ni a máa ń gbé ẹ̀bi kọ́. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún náà, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé àṣẹ wá a láàrin ọjọ́ 14, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Iṣẹ́ ogójì ọdún ni àwọn mìíràn ní láti tú palẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ta ọjà ní ọ̀pọ̀, wọ́n fi gbèsè tí a jẹ wọ́n sílẹ̀, èrò sì kún ilé aṣojú ìjọba Nàìjíríà ní Accra nítorí ìwé. Ogun abẹ́lé sì ń lọ lọ́wọ́ nílé nígbà náà. Ẹni tí ó ti kọ́ ilé sílé rí ibi wọ̀. Ẹni tí ó kó gbogbo owó rẹ̀ sínú ọjà di ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀ ayé lákọ̀tun.

Kí a má ṣe rò pé Gáná nìkan ni ó jẹ̀bi. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, ìjọba Nàìjíríà náà fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní ọjọ́ 14 bákan náà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ará Gáná sì wà lára wọn. Àpò tí wọ́n fi kó ẹrù ni a ń pè ní Ghana Must Go títí di òní. Ohun tí ó tún bani nínú jẹ́ ni pé ní ọdún 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí i pé kí ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ àtiwọlé kì í ṣe ẹ̀tọ́ àtigbé.

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa, mo kò wí pé kí ẹnikẹ́ni má lọ. Àjò ni ó kọ́ púpọ̀ nínú ilé wa, Gáná sì tọ́ wa dàgbà kí ó tó lé wa. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó bá lọ tètè wá ìwé rẹ̀ nígbà tí ara ṣì rọ̀ ọ́, kí ó má ṣe fi ọ̀rẹ́ tí ó ní láàrin ọjà rọ́pò òfin. Kí ó ní ilé àti ojúlùmọ̀ nílé, nítorí pé ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Kí àwa tí a wà nílé náà sì máa rántí, nígbà tí a bá rí àlejò tí ń ru ẹrù kiri ní ọjà wa, pé báyìí ni a ṣe rí ní Kumasi àti ní Tamale.